Ayọ̀ká àti Ẹyin Ahun Òkun

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé ohùn mi lọ. Ààlọ́ mi kò wọ igbó, kò ya ààfin. Etí òkun ni ó gbà lọ, ó lọ bá Lúwòyè apẹja àti Ayọ̀ká ìyàwó rẹ̀. Bí mo bá dá orin, ẹ máa gbè é pé, "Òkun ń wò ọ́."

Ní ayé àtijọ́, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Orí-Iyanrìn. Òkun wà níwájú rẹ̀, ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹja ni wọ́n ń jẹ, ẹja ni wọ́n ń tà, ẹja ni wọ́n fi ń gbé ìyàwó.

Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, Ahun Òkun a gòkè wá sórí iyanrìn. Kì í ṣe Ìjàpá oníjìbìtì inú igbó ni mò ń wí o. Ahun Òkun tóbi bí ilẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ rí pẹlẹbẹ bí àjẹ̀ ọkọ̀. Kì í tan ẹnikẹ́ni jẹ. Yóò gbẹ́ ihò, yóò yé ẹyin sí i, yóò fi iyanrìn bò ó, yóò sì padà sínú omi. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, àwọn ọmọ a hù jáde bí olú, wọ́n a sáré wọ inú òkun lọ. Àwọn àgbà ìlú a máa wí pé, "Ẹ má ṣe hú ẹyin rẹ̀. Iyanrìn tí a bí Ahun sí ni Ahun í padà wá bímọ sí."

Nígbà tí ó yá, ìyàn mú. Òjò kò rọ̀. Ọ̀sà fà. Ẹ̀gẹ́ gbẹ sóko. Lúwòyè mú igbá, ó ní òun ń lọ hú ẹyin.

Ayọ̀ká ní, "Bàbá Ìbídùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ."

Lúwòyè ní, "Ebi ń pa ọmọ wa. Ṣé kí ọmọ ahun yè kí ọmọ tèmi kú ni?"

Ayọ̀ká yíjú wo ọmọ wọn. Ìbídùn ń sunkún ebi lóòótọ́. Lúwòyè hú ẹyin inú ihò kan, wọ́n sè é, wọ́n jẹ ẹ́. Ayọ̀ká náà jẹ níbẹ̀.

Ní ọdún kejì, òjò rọ̀, oúnjẹ wà. Síbẹ̀ Lúwòyè tún lọ, àdúgbò sì tẹ̀ lé e. Ẹnu ti mọ adùn rẹ̀. Ní ọdún kẹta, gbogbo ìlú ni ó gbé agbọ̀n lọ sí etí òkun.

Lọ́dún náà, ahun kan ṣoṣo ni ó gòkè; àwọn yòókù ti sá fún iyanrìn náà. Oòrùn ń wọ̀. Ó ti yé tán, ó ń bo ihò rẹ̀, nígbà tí Lúwòyè yọ sí i pẹ̀lú kùmọ̀. Ahun kò sá. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó wá fi orin bẹnu:

Lúwòyè, dá ọwọ́ dúró,
*Òkun ń wò ọ́.*
Ẹyin mi kì í ṣe ẹyin adìẹ,
*Òkun ń wò ọ́.*
Èmi ni mò ń gbá inú omi fún yín,
*Òkun ń wò ọ́.*
Bí mo bá kú, ta ni yóò gbá a?
*Òkun ń wò ọ́.*

Àwọn kan fà sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Lúwòyè, jẹ́ kó lọ."

Lúwòyè ní, "Ẹran ni. Ẹ̀bẹ̀ kò sí fún ẹran."

Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kẹta. Orin dákẹ́.

Bí wọ́n ti ń pín ẹran ni Ayọ̀ká kúnlẹ̀ síbi ihò. Ó kó ẹyin sínú ìró rẹ̀, ó gbé e lọ sí ìkángun iyanrìn, níbi tí ẹsẹ̀ kì í sábà dé. Ó gbẹ́ ilẹ̀ títí apá rẹ̀ fi wọlé tán, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀, ó fi imọ̀ àgbọn ṣe ọgbà yí i ká nítorí ajá, nítorí akàn, nítorí ènìyàn.

Ohun kan wà nínú òkun tí wọ́n ń pè ní Ajóni. Ó ń yọ̀ bí ògì tó dì. Kò lójú, kò légungun, ṣùgbọ́n ó ń jó ara ju èsìsì lọ. Ahun Òkun ni ó máa ń jẹ ẹ́. Nísinsìnyí tí kò sí ahun mọ́, Ajóni pọ̀, ó pọ̀ sí i, ó bo omi. Ó jẹ ọmọ ẹja, ó jẹ ẹyin ẹja. Àwọ̀n a wọ omi, Ajóni nìkan ni yóò bá a jáde.

Ní ọjọ́ kan, Lúwòyè fa àwọ̀n rẹ̀ tagbáratagbára. Àwọ̀n ya. Ajóni tú dà sí i lójú. Igbe rẹ̀ dé ìlú. Kí wọ́n tó wà á dé èbúté, ojú méjèèjì ti fọ́.

Ayọ̀ká ń fi omi tútù bọ́ ojú rẹ̀. Lúwòyè ní, "Ìyá Ìbídùn, òkun ti wò mí."

Ayọ̀ká tún bu omi sí i lójú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹyin tí Ayọ̀ká rì mọ́lẹ̀ pa, ó fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí ibi ọgbà. Ó fi ohun kékeré kan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ohun náà ń jà pìtìpìtì.

Lúwòyè ní, "Kí ni èyí?"

"Ọmọ ẹni tí ẹ pa ni."

Lúwòyè fi ọwọ́ kejì bo ọmọ ahun náà. Ó ní, "Ṣé kí n gbé e dé inú omi?"

"Ẹ gbé e sílẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Bí kò bá rin iyanrìn yìí, báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n padà wá?"

Àṣá ń rà bàbà lókè. Ìbídùn ń pariwo, Ayọ̀ká ń ju ìró sókè, títí ọmọ tó kẹ́yìn fi wọ omi.

Baálẹ̀ pe ìlú jọ, ó fi òfin dè é: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hú ẹyin ahun mọ́. Wọ́n bi Ayọ̀ká pé, "Ìgbà wo ni wọn yóò padà?"

Ó ní, "N kò mọ̀."

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọn kò rí ahun. Ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, wọn kò rí ahun. Ọ̀pọ̀ apẹja di ẹrù, wọ́n kó lọ. Ayọ̀ká a máa fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí etí òkun nírọ̀lẹ́, wọ́n a ṣa igi àti pàǹtí kúrò lójú ọ̀nà ahun. Ìbídùn dàgbà, ó lọ́kọ, ó bímọ. Orí Ayọ̀ká funfun. Ayọ̀ká kú. Ahun kò dé.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, Lúwòyè ní kí Ìbídùn mú òun lọ sí etí òkun. Wọ́n jókòó. Ilẹ̀ ń ṣú. Lúwòyè gbé orí sókè, ó tẹ́tí sílẹ̀.

Ó ní, "Ìbídùn, kí ni ó ń wọ́ nílẹ̀ yẹn?"

Ìbídùn ní, "Bàbá, ahun ni!" Ahun ń gòkè bọ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Òmíràn tún tẹ̀ lé e. Àwọn ará ìlú jáde wá. Kò sẹ́ni tó gbé agbọ̀n. Kò sẹ́ni tó mú kùmọ̀.

Lúwòyè fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Ayọ̀ká o, àwọn ọmọ rẹ dé."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ààlọ́ yìí ń kọ́ wa pé ohun tí ènìyàn fi ìrọ̀lẹ́ kan bàjẹ́, ó lè gba odidi ayé ẹlòmíràn kí ó tó tún un ṣe. Ẹ jẹ́ ká jẹ nínú ohun tí omi fún wa, ká sì ṣẹ́ tirẹ̀ kù fún un. Etí òkun ni ààlọ́ mi gbà lọ. Ibẹ̀ náà ni ó já sí, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.