Irin Tó Fi Ti Ilẹ̀kùn Ilé Adìẹ

Ọkùnrin kan ń gbé ní ìlú kan tí òkè yí ká, tí ọ̀nà kan ṣoṣo sì jáde níbẹ̀. Ọ̀nà náà gun òkè tààrà láti ilé tó gbẹ̀yìn nínú ìlú títí dé títì ọlọ́dà. Amọ̀ pupa ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ní Má-wẹ̀yìn, nítorí pé ọkọ̀ tó bá dúró lágbedeméjì rẹ̀ nígbà òjò, ẹ̀yìn ló ń padà sí.

Gbóyèga, fi fóònù yẹn sílẹ̀ kí o gbọ́ mi. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé kíkà nígbà tí o ṣì ń fi apá aṣọ nu imú, mi ò sì ní bẹ̀ ọ́ kí o tó fetí sí mi lónìí. Nígbà tí wọ́n fi ọ́ ṣe alága ìgbìmọ̀ ilé ìlera wa, mo wá kí ọ kú oríire. Ìbínú ló gbé mi wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìtàn ni màá kọ́kọ́ sọ.

Kòkó ni ọkùnrin náà ń rà. Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ó má gòkè lọ sí ìlú ńlá lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ mẹ́ta ló ti bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí Má-wẹ̀yìn kí ó tó gbọ́n. Nígbà tó gbọ́n, kò ra jíìpù ńlá bíi ti àwọn olówó. Ó lọ ra tòkunbọ̀ kékeré kan, aláwọ̀ eérú, tí agbára rẹ̀ ká. Ohun tó mú kí ó yan án ni pé táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà, kì í ṣe méjì bíi ti ọkọ̀ kékeré yòókù. Bí iwájú bá yọ̀, ẹ̀yìn á tì í. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, iwájú á fà á. Àmì fàdákà kan wà lára búùtù rẹ̀ tó sọ bẹ́ẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ lè kà á.

Ọkọ̀ náà kò lẹ́wà. Ìjókòó rẹ̀ le, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òjò ńlá kọ́kọ́ rọ̀, àwọn èèyàn tò sẹ́nu ọ̀nà láti wo bí yóò ṣe tẹ́. Ọkọ̀ náà wọ inú amọ̀, ó mì díẹ̀, ó fà sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀, ó sì gòkè. Kò sáré, kò sì yọ̀. Nígbà tó dé orí títì, ó fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ sì pàtẹ́wọ́.

Àṣà kan wà ní ìlú náà. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, aboyún tí oyún rẹ̀ bá ti pé oṣù mẹ́jọ kì í dúró nílé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni yóò di ẹrù fún un, ẹní, ìkòkò, aṣọ ọmọ, yóò sì mú un gòkè lọ bá ẹbí tàbí ojúlùmọ̀ tó ń gbé nítòsí ilé ìwòsàn, kí ìrọbí má baà mú un ní ìsàlẹ̀. Ìgòkè ni wọ́n ń pe èyí. Ó máa ń ni àwọn obìnrin lára. Iṣẹ́ oko wà, ọmọ wà nílé, kò sì rọrùn láti máa wo ojú onílé fún odidi oṣù kan. Nígbà tí ọkọ̀ aláwọ̀ eérú dé, aboyún mẹ́rin ló gbé gòkè nínú òjò lọ́dún kìíní, gbogbo wọn ló sì sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Nígbà tó di ọdún kejì, agbára káká lẹ fi máa rí ẹni tó di ẹrù mọ́.

Lọ́dún kẹta, ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké lábẹ́ ọkọ̀. Mẹkáníìkì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ wò. Ó ní ṣáàfù ni, irin gígùn tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì láti iwájú lọ fún táyà ẹ̀yìn. Ó ní ojú kan ti jẹ lára rẹ̀, àti pé yóò pẹ́ kí àwọn tó rí òmíràn.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kúkú yọ ọ́," ni mẹkáníìkì wí. "Iwájú nìkan á máa gbé e. Kò tiẹ̀ ní mu epo tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀ kankan."

Wọ́n yọ ọ́. Ọkùnrin náà gbé irin náà lọ sílé, ó sì fi ti ilẹ̀kùn ilé adìẹ rẹ̀, nítorí pé ewúrẹ́ àdúgbò máa ń fi orí ṣí i.

Òótọ́ ni mẹkáníìkì sọ. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kò sí ìyàtọ̀. Ariwo náà lọ, epo sì ń pẹ́ lára rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nínú eruku ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ náà ń gun Má-wẹ̀yìn bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọkùnrin náà á fọ̀ ọ́, á sì fi àkísà nu àmì fàdákà yẹn títí yóò fi máa dán.

O ń rẹ́rìn-ín. O ní, "Bàbá Tíṣà, bí ọkọ̀ bá ṣáà ti ń rìn, kí ló tún kù? Èmi náà á yọ ọ́." Mo ti gbọ́. Rántí pé ẹnu ara rẹ lo fi sọ ọ́.

Òjò padà dé. Káfíńtà kan ń gbé ní àdúgbò ọkùnrin náà, ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ìyàwó rẹ̀ sì lóyún àkọ́kọ́. Ìyá káfíńtà jẹ́ ara ìgbà àtijọ́, kò gbẹ́kẹ̀ lé ohunkóhun tó bá ń mu epo. Nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́jọ, ó kó ẹrù ìyàwó sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi okùn dì í, ó sì gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó kò fẹ́ lọ. Káfíńtà wá lọ bá ọkùnrin wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni ó wí. "Ṣé ọkọ̀ yín ṣì ń gòkè nínú òjò bíi ti tẹ́lẹ̀? Ìyá mi ti di ẹrù ìyàwó mi."

Ṣé o rí bí nǹkan ti rọrùn tó fún ọlọ́kọ̀ náà níbẹ̀ yẹn? Wọn kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ ju òótọ́ lọ. Ì bá ní, "Àbúrò, a ti yọ nǹkan kan lára rẹ̀, ẹ máa mú ìyàwó gòkè lọ." Káfíńtà ì bá dúpẹ́. Kò ní bú u, kò ní fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti di ẹni tí gbogbo ìlú ń kí lọ́nà nítorí ọkọ̀ yẹn, kò sì fẹ́ kí ìkíni náà dín kù. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá búùtù ọkọ̀ rẹ̀, níbi tí àmì fàdákà wà gan-an.

"O ò rí ohun tí wọ́n kọ síbí ni? Lọ sọ fún Màmá kí wọ́n tú ẹrù. Ìgbàkigbà tó bá mú un, ẹ ṣáà ké sí mi."

Ìyá àgbà tú ẹrù. Ó ká ẹní náà, ó fi í sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí. Mo ti bá olè pàdé, mo ti bá gbájúẹ̀ pàdé, wọn kò bí mi nínú tó ọkùnrin tó gbá búùtù yẹn. Olè kò tíì sọ fún mi rí pé kí n má ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ìrọbí mú obìnrin náà. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Ọkùnrin náà kò kọ̀, kíá ló gbé ọkọ̀ jáde, mi ò ní fi ìyẹn dù ú. Wọ́n tẹ́ ẹ sí ìjókòó ẹ̀yìn, orí rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Tíṣà ni mí ní ìlú náà nígbà yẹn, ilé ẹ̀kọ́ wa wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè, a sì ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ọkọ̀ gun Má-wẹ̀yìn dé ìlàjì. Táyà iwájú yọ̀. Ọkùnrin náà tẹná mọ́ ọn, táyà iwájú ń yí lójú kan, ó ń fọ́n amọ̀ ká, ti ẹ̀yìn kò sì ràn án lọ́wọ́ rárá. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà, díẹ̀díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà kíákíá, títí ìdí rẹ̀ fi wọ kòtò.

A sáré jáde. A tì í títí, kò gbọ́. Káfíńtà sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì gbé ilẹ̀kùn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn tán wá. A tẹ́ ìyàwó rẹ̀ lé e lórí, àwa ọkùnrin mẹ́fà sì gbé e. Igun òsì lẹ́yìn ni mo dì mú. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, a ó yọ̀ padà ní méjì. Obìnrin náà ń ké pe ìyá rẹ̀. Nígbà tí a fi dé orí títì, tí a sì rí ọkọ̀ tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti lé ní wákàtí méjì. Wọ́n gba ẹ̀mí ìyá là. Ọmọ náà kò ké.

Lọ́jọ́ kẹta, káfíńtà lọ sí ibi tí ọkọ̀ náà ṣì wà nínú kòtò, ó dùbúlẹ̀ sínú amọ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Bí nǹkan bá yọ, ó máa ń mọ ojú ibi tó ti yọ. Ó dìde, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé ọkùnrin náà, ó sì rí irin yẹn lẹ́nu ilé adìẹ. Ó gbé e lé apá rẹ̀ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ. Ó wọlé, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú ọkùnrin náà ní pálọ̀. Kò pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyá mi ti di ẹrù," ni ó wí. "Ẹrù ti wà lẹ́nu ọ̀nà."

Ó sì jáde. Ọkùnrin náà ta ọkọ̀ náà kí ọdún tó parí. Mi ò gbọ́ pé ó sọ ohunkóhun fún ẹni tó rà á.

Má wolẹ̀, Gbóyèga. Èmi ni kí o wò. Nígbà Kérésì ni ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ní kí agbẹ̀bí wa máa lọ. Ẹ ní àwọn aboyún tó ń wá kò pọ̀. Ẹ ní obìnrin náà kàn ń jókòó, ó ń hun fìlà ọmọ. Mi ò bá yín jà nítorí ìyẹn. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ yín kò ká a mọ́. Irin lè jẹ, wọ́n sì lè yọ ọ́, mi ò lè bínú sí ẹni tí agbára rẹ̀ dín kù. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, àlejò ń bọ̀ wá wo ilé ìlera, o sì pe ẹni tó ń kọ pátákó. O ní kó tún ti ẹnu ọ̀nà kọ. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé agbẹ̀bí wà níbí tọ̀sán tòru. Ta ló wà níbẹ̀? Àga rẹ̀ ló wà níbẹ̀! Ṣé ojú kò tì ọ́ ni? Ṣé ohun tí o fẹ́ fi ìwé tí mo kọ́ ọ ṣe nìyí?

Lánàá, mo jókòó lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé ìlera. Ìyàwó ọkùnrin tó ń tún alùpùpù ṣe ń kọjá, apẹ̀rẹ̀ wà lórí rẹ̀, oyún rẹ̀ sì ti sọ̀ sísàlẹ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní ìlú ńlá lòun ń lọ, kí òun lè wà nítòsí dókítà. Bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ló rí pátákó rẹ. Ó ń fi ìka tọ lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tó fi kà á tán. Inú rẹ̀ dùn, ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Mo sọ fún un pé irọ́ ni, kó gbé e padà sórí. Ó wò mí bí arúgbó tí orí rẹ̀ ti ń dàrú. Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó yí padà, ó sì lọ sílé.

Òjò ti ṣú. Ọ̀dà dúdú ló wà nínú ọ̀rá tí mo gbé wá yìí, búrọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí o bá lè dá agbẹ̀bí padà ní ọ̀la, sọ fún mi, màá gbé ọ̀dà mi lọ sílé. Bí o kò bá lè ṣe é, dìde, jẹ́ ká lọ kun pátákó yẹn pa. Lẹ́yìn náà, kì í ṣe èmi, ìwọ fúnra rẹ ni yóò lọ kan ilẹ̀kùn ọkùnrin tó ń tún alùpùpù ṣe, ìwọ ni yóò sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó tún ẹrù rẹ̀ dì.