Ilé Tí Orin Dúró Sí

Ìbídùnní, olórí akọrin kan wà tí Ọlọ́run fún ní ohùn, tí òun náà sì mọ̀ pé Ọlọ́run fún òun. Jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ. O ti gbé àga fún mi, o ti bu omi fún mi, ṣùgbọ́n o kò tíì wo ojú mi láti ìgbà tí mo ti wọlé. Kò burú. Etí rẹ ni mo wá yá, kì í ṣe ojú.

Ìjọ ọkùnrin yìí wà lórí òkè. Àwọn tó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ níbẹ̀ láyé àtijọ́ kọ́ ilé wọn tẹ̀lé ara wọn lẹ́bàá ọ̀nà kan ṣoṣo, láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì títí dé etí odò nísàlẹ̀. Ọmọ ń jogún ilé bàbá rẹ̀, ó sì ń jogún àga tí bàbá rẹ̀ ń jókòó sí nínú ìsìn. Olórí akọrin ń gbé nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọ̀nà ti yà. Ilé kan péré ló kù lẹ́yìn tirẹ̀, ilé bàbá alágogo, arúgbó tó ti ń lu agogo ìjọ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú. Ìyàwó bàbá ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn odi.

Lọ́jọ́ ìsinmi, olórí akọrin á wọ aṣọ funfun lé aṣọ dúdú, á dúró síwájú, á gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ìjọ á sì dákẹ́. Ó fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ yẹn ju orin tó ń tẹ̀lé e lọ. Bí ìsìn bá tán, wọ́n á yí i ká. "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ọlọ́run kò ní gba ohùn yìí lẹ́nu yín." Oúnjẹ ọkàn rẹ̀ nìyẹn títí di ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé, ìjọba ní kónílé-ó-gbélé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dun gbogbo ìjọ, ṣùgbọ́n ó dun olórí akọrin jù wọ́n lọ, nítorí kò sí ibi tí yóò ti gbé ọwọ́ sókè mọ́. Ó kọrin sínú fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí wọn. Orin náà dára. Ṣùgbọ́n àgbà ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà yẹn, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò, àwọn ọmọ wọn tó sì ní fóònù ńlá kò rí dátà rà. Orin dára, kò kàn rí etí wọ̀ ni.

Ìyá kan wà nínú ilé tó sún mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì jù. Ògì ló ń tà. Ó ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin rí, olórí akọrin ló yọ ọ́. Ó ní ohùn rẹ̀ ń ya bí aṣọ gbígbó. Ìyá náà kò bá a jà. Ó padà sí àga rẹ̀ láàárín ìjọ, ó ń kọrin tirẹ̀ níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ológì dúró ní àgbàlá rẹ̀, ó kọ ẹsẹ kìíní nínú orin òwúrọ̀. Aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́, ó gba ẹsẹ kejì. Ilé tó tẹ̀lé e gba ẹ̀kẹta. Bí ẹsẹ orin bá tán, ilé tó kàn á tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ kìíní. Báyìí ni orin ń sọ̀ kalẹ̀ láti ilé dé ilé, ẹnikẹ́ni kò sì jáde kúrò ní géètì rẹ̀. Bàbá alágogo ló ń kọ èyí tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni yóò ké "Àmín." Olórí akọrin á gbà á, á gbé e fún ilé tó wà lókè rẹ̀, títí Àmín yóò fi gun òkè padà dé ọ̀dọ̀ ìyá ológì. Bó bá ti gbọ́ ọ báyìí, á gbé ìkòkò kaná. Ó ti mọ̀ pé gbogbo ilé jí.

Ó di àṣà wọn. Wọ́n fẹnu kò pé kí ilé kọ̀ọ̀kan máa fi etí sí ilé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ilé tí kò bá gba orin, àìsàn ti wọ ibẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n gbé oúnjẹ lọ sẹ́nu géètì rẹ̀, kí wọ́n sì wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìyá mìíràn wà tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá dùbúlẹ̀ ní òwúrọ̀. Orin tí kò gbà ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Ìyá ológì wá di ẹni tí gbogbo ìjọ ń dárúkọ. Wọ́n á pe olórí akọrin, kì í ṣe orin inú fóònù ni wọ́n á bi í. "Ọ̀gá, ẹ gbọ́ ìyá ológì láàárọ̀ yìí? Ọlọ́run ló fi ìyá yẹn ta wá lọ́rẹ." Olùṣọ́ àgùntàn pàápàá sọ bẹ́ẹ̀. Owú jẹ ọkùnrin náà. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: owú jẹ ẹ́ débi pé òkèlè kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Obìnrin tí òun fi ọwọ́ ara òun yọ! Obìnrin tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ orin! Bí ìyá bá gbé orin ga jù, á ní ó fẹ́ fa òun lọ́fun ya. Bó bá gbé e sílẹ̀ jù, á ní ó fi ń sọ òun lọ́rọ̀. Wọ́n ní ìjà ló dé lorin dòwe. Ìjà kankan kò sí níbẹ̀, Ìbídùnní. Òun nìkan ló ń jà.

Ìyá ológì pè é lọ́jọ́ kan. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa yan orin tí a ó kọ lọ́la. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

"Ṣé ẹ tún nílò mi ni?" ni ó wí. "Ẹ máa bá a lọ, màmá. Ẹ ń ṣe dáadáa." Ó pa fóònù mọ́ ọn létí.

Ní ọjọ́ kejì, orin sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó pa ẹnu dé. Èrò rẹ̀ ni pé bí orin bá já lọ́wọ́ òun, wọn yóò rí i pé ohun tí obìnrin yẹn dá sílẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọn yóò padà wá bẹ òun.

Àmín kò gun òkè lọ́jọ́ náà. Àwọn ará òkè bi ara wọn, wọ́n tọpa rẹ̀ dé ilé olórí akọrin. Ta ni yóò ro owú mọ́ ọ̀gá? Wọ́n ní àìsàn ló dé. Kí oòrùn tó mú, abọ́ ti tò sẹ́nu géètì rẹ̀. Ẹnì kan gbé ọbẹ̀ ata ẹja tútù wá. Ẹnì kan gbé kẹ́ẹ̀gì agbo dóńgóyárò wá. Ìyá ológì sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pátápátá, ó gbé ògì gbígbóná àti àkàrà wá. Wọ́n dúró lókèèrè pẹ̀lú ìbòmú, wọ́n ń ké sí i. "Ọ̀gá, kí ló ń ṣe yín?"

Ọkùnrin náà lè sọ òtítọ́ níbẹ̀. Ó wo abọ́, ó wo ojú wọn. Ó ní, "Ibà ni." Ní gbogbo ìgbà yẹn, ibà ni kálukú ń pe àìsàn tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn wá gbé òun lójú aládùúgbò.

Ó mu agbo àìsàn tí kò ṣe é. Ó korò dé ìfun rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan dùn mọ́ ọn nínú. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè nínú àdúrà báyìí. Òun ni wọ́n ń bi ara wọn lórí fóònù, kì í ṣe ìyá ológì. Ó ní òun á ṣàìsàn díẹ̀ sí i.

Orin wá ń dé géètì rẹ̀ láràárọ̀, ó ń dúró síbẹ̀. Ọ̀nà yà, odò sì ń pariwo, ohùn àwọn ará òkè kò lè kọjá ilé rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ bàbá alágogo. Ọkàn wọn balẹ̀ nípa bàbá. Wọ́n ní ìdílé olórí akọrin ló ń fi etí sí i, bí ọ̀gá bá tilẹ̀ ń ṣàìsàn, ìyàwó rẹ̀ ò ṣàìsàn. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ti ọkùnrin yìí kò bá a dákẹ́ o. Ẹja ń wá, àkàrà ń wá. Ti ẹlòmíràn ló bá a dákẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Ìyàwó wo ni kò ní mọ̀? Ó bá ọkọ rẹ̀ bo ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. "Bàbá Mojírádé, ìgbà wo ni àìsàn yín yìí yóò fi yín sílẹ̀? Ta ló ti gbọ́ ohùn bàbá alágogo?"

Ọkùnrin náà kọjú sí ògiri. "Bàbá wà níbẹ̀. Níbo ni yóò lọ? Ṣebí wọ́n ní kónílé-ó-gbélé."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ìyàwó jáde sí àgbàlá kí orin tó dé. Nígbà tó dé, ó gba ẹsẹ ọkọ rẹ̀, ó kọjú sí odò, ó kọ ọ́ sókè. Ó dákẹ́, ó ń retí bàbá. Bàbá kò dáhùn. Ó tún ẹsẹ náà kọ. Odò nìkan ló ń dún.

Olórí akọrin gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn láti orí ibùsùn. Kò jọ irú èyí tó fẹ́ràn. Ẹ̀rù bà á. Ó fò dìde, ó sáré jáde láìwọ bàtà, ìyàwó rẹ̀ sì tẹ̀lé e.

Wọ́n bá bàbá alágogo nílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ ti yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò ṣeé gbé. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n ó ń mí. Ìgò oyin kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò jẹ́ kó bọ́.

Ọkọ̀ èrò kò rìn nígbà náà. Ilé ìwòsàn tó wà nítòsí, òkè ló wà, lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì. Olórí akọrin gbé bàbá pọ̀n, ìyàwó rẹ̀ bá a di ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ariwo ti mú kí gbogbo ènìyàn dúró sí géètì. Àwọn tó se ẹja wà níbẹ̀. Àwọn tó se agbo wà níbẹ̀. Wọ́n rí aláìsàn wọn tó pọn arúgbó, tó ń gun òkè bí ẹni tí ibà kò mọ̀ rí. Wọ́n kàn ń fi ojú sìn ín lọ. Ìbá sàn fún un bí wọ́n bá bú u.

Láàárín ọ̀nà, bàbá sọ̀rọ̀ sí i létí. "Ìwọ ni? Ara rẹ ti yá?"

Ó tún bàbá gbé sókè lẹ́yìn, ó ń gun òkè lọ.

"N kò gbọ́ ohùn rẹ láràárọ̀ mọ́," ni bàbá wí. "Mo ní bóyá ọ̀fun ló ń dùn ọ́. Mo ní kí n gbé oyin díẹ̀ wá fún ọ, ni ẹsẹ̀ bá yẹ̀ mí. Má bínú pé n kò lè dé."

Bàbá kò kú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn kò gbé e dé ìdí agogo mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹlòmíràn ló lu agogo.

Ní ọjọ́ tó gbé bàbá gun òkè, olórí akọrin fọ gbogbo abọ́ tó wà nílé rẹ̀, ó gbé wọn padà láti géètì dé géètì. Ohun kan náà ló ń sọ níbi gbogbo: "N kò ṣàìsàn. Owú ló ń jẹ mí." Ìyá ológì gba abọ́ tirẹ̀, ó yẹ inú rẹ̀ wò.

"Mo ti fura láti ara abọ́ tí mo ti ń gbà padà, ọ̀gá. Ẹni tí ibà ń ṣe kì í lá abọ́ ògì."

"Kí ló wá dé tí ẹ kò fi dáwọ́ dúró, màmá?"

"Àìsàn kan ṣáà ń ṣe yín."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ológì bẹ̀rẹ̀ orin níbi tí kò yẹ, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ olórí akọrin. Ó gbà á níbi tí ìyá gbé e sí, kò tún un ṣe, ó gbé e kọjú sí ilé tó ṣófo létí odò.

Ìbídùnní, mo ti sọ tèmi tán, ó ku tìrẹ. Láti ìgbà tí ìjọ ti fi ẹlòmíràn ṣe olórí ẹgbẹ́ àbẹ̀wò dípò rẹ, o kò pe ẹnikẹ́ni mọ́, o kò sì bẹ ẹnikẹ́ni wò. O ní orí ń fọ́ ọ. Mo rí ọsàn tí wọ́n gbé wá fún orí fífọ́ náà lórí tábìlì rẹ, o sì ti bó mélòó kan nínú rẹ̀. N kò wá bi ọ́ bóyá ẹni tuntun yẹn mọ iṣẹ́ tó ọ. Kò mọ̀ ọ́n tó ọ. N kò ní purọ́ fún ọ.

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Ìyá afọ́jú tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, tó jẹ́ pé ohùn rẹ nìkan ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún, ìgbà wo lo gbọ́ ohùn tirẹ̀ kẹ́yìn? Má dá mi lóhùn. Wọ́n ti sọ fún un pé orí ń fọ́ ọ. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sí, orúkọ rẹ ló wà lẹ́nu rẹ̀ níbi tó bá wà nísinsìnyí.

Wọ bàtà rẹ, ká jọ lọ. Mú nínú ọsàn yẹn dání.