Àyà Àjàdí Ń Já

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ojo nìkan ni àyà rẹ̀ ń já, ẹ gbọ́ ti Àjàdí. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi dúró ti ẹ̀rọ ìlagi níbi tí a ti jọ ń la pákó, ẹ̀rọ tí ariwo rẹ̀ ń mi eyín lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, ó di àyà mú.

"Àyà mi ń já."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Àgbàlagbà! Kí ló bà ọ́ lẹ́rù? Ṣé igi fẹ́ gé ọ jẹ ni?"

Ìtìjú mú un, kò sọ ọ́ mọ́, àfìgbà tó ṣubú sáàárín pákó.

A gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó mi orí. "Bàbá, irú ariwo wo lẹ ń bá ṣiṣẹ́?"

Mo ṣàlàyé fún un.

Ó ní, "Irú ariwo bẹ́ẹ̀ lè ru ẹ̀jẹ̀ sókè, kó sì da ọkàn láàmú. Bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Ṣé òfófó nìkan lẹ rò pé àwọn àgbà ń bá wí? Ẹ lo oògùn, ẹ bo etí, kẹ́ ẹ sì máa kúrò nídìí ẹ̀rọ."

Ọ̀gá wa ra ìbotí fún un, ó ní kó máa fi ìdajì ọjọ́ to pákó lókèèrè.

Lóṣù kẹta, mo tún sìn ín lọ. Nọ́ọ̀sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ìfúnpá yín ti wálẹ̀."

Àjàdí mí kanlẹ̀. Èmi náà mí.

Mo ní, "Foríjì mí, ọ̀rẹ́."

Ó ní, "Ká apá aṣọ rẹ sókè, kí wọ́n wọn tìẹ náà."

Mo ká a.