Iṣẹ́ Ọ̀dọ̀ Ìyá Oníbúrẹ́dì

Èló ni owó oṣù tó tó láti mú ìyá fi ọmọ oṣù márùn-ún sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́? Títí dòní, Moríyìkẹ́ ò tíì rí ìdáhùn.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà ni iléeṣẹ́ tó ń ṣe omi inú ọ̀rá fẹ́ máa san fún un, ṣùgbọ́n ọmọ ò gbọdọ̀ wọ géètì wọn. Ọgọ́ta ni ti Ìyá Oníbúrẹ́dì, tóun náà fẹ́ gbà á síṣẹ́. Moríyìkẹ́ pọn ọmọ lọ bá ìyá náà, kó lè rọra sọ fún un pé òun ò ní wá.

Kó tó kúnlẹ̀ tán, ìyá ti gba ọmọ, ó ti pọ̀n ọ́n, ó sì ń po ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ.

"Ẹ má bínú, Màmá. Àádọ́rin ni wọ́n ń san níbẹ̀."

"Mo gbọ́. Níbí, ẹ̀yìn rẹ lọmọ máa wà, aago méjì lo sì máa lọ sílé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àbí o fẹ́ kọ́ mi níṣirò ni, ìyá ọmọ?"

Moríyìkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọmọ ti sùn lọ fọnfọn lẹ́yìn Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ni Moríyìkẹ́ bá fọ ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró pa páànù búrẹ́dì.

Ọmọ ọ̀hún ti ń lọ iléèwé kí Moríyìkẹ́ tó gbọ́ pé Ìyá Oníbúrẹ́dì náà ti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn irú géètì bẹ́ẹ̀ rí, àti pé ìrìn àkọ́kọ́ tí àkọ́bí rẹ̀ rìn kò ṣojú rẹ̀.