Ọmọ Tó Ń Tọ́ Ọtí Wò fún Bàbá Rẹ̀

Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń pariwo ọ̀rẹ́kọ́rẹ̀ẹ́ kiri, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ọtí ló dá Fọlárìn dùbúlẹ̀ ní ọsibítù yunifásítì, kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Bàbá rẹ̀ sáré wọlé. Ó fa akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá Fọlárìn gbé yàrá lẹ́wù.

"Ọmọ burúkú, ìwọ lo kọ́ ọ lọ́tí!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ò mutí rí. Fọlárìn sọ pé láti kékeré lòun ti ń tọ́ ọtí yín wò kí ẹ tó mu, kí ẹ lè mọ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀."

Bàbá fi ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé ife omi sí Fọlárìn lẹ́nu, ó ń bẹ Ọlọ́run kó ṣáà ti lajú.

Fọlárìn lajú. Ó tọ́ omi náà wò, ó sì fọwọ́ méjèèjì gbé ife padà fún un.

"Ẹ máa mu ún, Bàbá. Kò sí májèlé níbẹ̀."