Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Gun Òkúta Arólé

Àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Ẹ jẹ́ kó dún dé ẹ̀yìnkùlé. Àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Mo fi ẹsẹ̀ tí mo fi rìn débí búra, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wọlé lọ sùn.

Ní ìgbà kan rí, ìdílé Àgbọ̀nrín ló ni Òkè Ìkùukùu. Òkè náà tutù, ṣùgbọ́n koríko ibẹ̀ dùn, àparò sì ń yé síbẹ̀ bí ẹni da ẹ̀wà sílẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni àlejò wọn. Ọdún mẹ́ta ló ti ń jẹun nílé wọn, ẹyin kan péré ni wọ́n sì ń fún un lójúmọ́. Á jókòó, á máa wo ìtẹ́ àparò, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀. "Bí òkè yìí bá jẹ́ tèmi," ló ń sọ nínú ara rẹ̀, "ta ni yóò máa wọn ẹyin fún mi?"

Olókè, olórí ìdílé náà, wá kú. Àyílárá, àbúrò rẹ̀, ní òun ni oyè kàn. Ajíléye, ọmọ Olókè, ní òun ni. Ilé pín sí méjì. Wọn kò mu omi pọ̀ mọ́.

Òkúta kan wà ní ṣóńṣó òkè, ipa ẹsẹ̀ wà lára rẹ̀. Ní ọjọ́ ìfijoyè, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ bọ ipa náà, tó sì wí lẹ́ẹ̀mẹta pé òun ni arólé, òun ló jogún. Bí ọmọ oyè kankan kò bá gùn ún títí oòrùn fi kan àtàrí, ẹni tó bá wù ú lè gùn ún. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mọ èyí.

Nígbà tí ìfijoyè ku ọjọ́ kan, ó lọ bá Àyílárá.

"Bàbá mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ má gun òkè lọ́la o. Ajíléye ti pọ́n ìwo."

"Ajíléye tí mo kọ́ ní ìrìn?"

"Òun náà ni. Ó ní ìwo yín kò lè gún iṣu sísè mọ́."

"Ìwo tèmi!" Inú bí àgbà náà débi pé kò rántí bèèrè ibi tó ti gbọ́ ọ.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yà sọ́dọ̀ Ajíléye.

"Jókòó sílé lọ́la. Bàbá kékeré rẹ yóò lúgọ sẹ́yìn àpáta."

"Bàbá kékeré kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ó ní ọmú ṣì ń rùn lẹ́nu rẹ."

Ajíléye padà wọlé. Ọ̀rọ̀ náà jọ ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá kékeré lóòótọ́.

Ilẹ̀ mọ́. Gbogbo ẹranko pé sórí òkè, àwọn méjèèjì kò yọjú. Oòrùn kan àtàrí. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bẹ́ sórí òkúta, ó fi ẹsẹ̀ bọ ipa.

"Èmi ni arólé Olókè! Èmi ni arólé Olókè! Èmi ni arólé Olókè!"

Ìmàdò àgbà bọ́ síwájú pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀.

"O kú oríire, arólé."

"Ẹ ṣeun, bàbá."

"Olókè pa àkọ́bí mi létí odò. Nígbà tí òun náà kú, a dákẹ́, torí a kò rí ẹni bi. Òfin ni pé ẹni tó bá jogún òkè ló jogún gbèsè rẹ̀; a ti rí ẹni bi báyìí. Arólé ni yóò máa wa gbòǹgbò fún mi dípò ọmọ mi, fún ọdún méje. Àwọn ẹbí rẹ̀ ni yóò máa gbà á ṣe, ẹnìkan lónìí, ẹnìkan lọ́la. Ta ló wà lẹ́yìn rẹ?"

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò gbọ́ apá òfin yìí rí. Lọ́jọ́ tí àwọn àgbà ń sọ ọ́, ìdí ìtẹ́ àparò ló wà. Ó bojú wẹ̀yìn.

Igbe rẹ̀ ti fa Àyílárá àti Ajíléye jáde nílé. Ẹsẹ̀ òkúta ni wọ́n ti pàdé.

"Ajíléye, wọ́n ní o pọ́n ìwo dè mí."

"Èmi kẹ̀, bàbá kékeré? Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ lúgọ dè mí."

Àwọn méjèèjì gbójú sókè wo Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Wọn kò bú u. Àyílárá kàn gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ajíléye náà ṣe bẹ́ẹ̀.

"Eré ni mo ń ṣe o!"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lo fi ṣeré?" ni Ìmàdò wí. "Máa bọ̀. Gbòǹgbò ń dúró dè ọ́."

Bí wọ́n ṣe ń fà á sọ̀kalẹ̀, ó figbe ta: "Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ má jẹ́ kí èmi nìkan lọ!" Àyílárá àti Ajíléye ti kẹ̀yìn sí i.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ń sìn nílé onílé kò lè jókòó sórí oyè. Wọ́n fi Ajíléye jẹ Olókè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àyílárá ló kọ́kọ́ fi iwájú orí ti ẹ̀yìn rẹ̀, láti fi hàn pé òun wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìdí tí mo fi pa á fún yín rèé. Bí ẹ bá ń du ogún, ẹ bèèrè ohun tó so mọ́ ọn. Bí àlejò bá sì gbé ọ̀rọ̀ ará ilé yín wá, ẹ lọ bi ará ilé yín.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò padà sórí òkè náà mọ́. Ohun tó sọ kẹ́yìn níbẹ̀ ni pé: ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ má jẹ́ kí èmi nìkan lọ.