Ìdí Tí Wíwú Fi Ń Lọ Sílẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ohun tó bá wú lára ènìyàn kì í lọ sílẹ̀ mọ́, ìlú kékeré kan wà nínú orúnkún Àyọ̀ká, obìnrin kan tó ń roko ẹ̀gẹ́. Ajíṣọ́ ni aṣọ́bodè ìlú náà. Bí ọ̀tá bá wọlé, yóò bu ẹyin iná sí kòtò àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, yóò sì fi kan àwọn jagunjagun lára títí wọn yóò fi jí. Òun nìkan ló ní irú kòtò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ó sì máa ń fi yangàn díẹ̀.

Àṣà wọn ló kó bá wọn. Wọ́n ní ogun kò tíì parí, àfi bí ọ̀tá fúnra rẹ̀ bá wá dágbére lẹ́nu ibodè.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gún gún Àyọ̀ká lórúnkún. Ajíṣọ́ bu iná, àwọn jagunjagun jí, wọ́n sì run ẹ̀gún náà kí oòrùn tó wọ̀. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òkú kì í dágbére, nítorí náà Ajíṣọ́ ń bu iná lọ. Nígbà tí àwọn jagunjagun kò rí ọ̀tá mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ògiri ìlú wọn. Orúnkún wú, ó gbóná, Àyọ̀ká kò lè dìde nílẹ̀.

Ìyá Kerekere, arúgbó tó ń gbé láàárín egungun méjì kí wọ́n má baà máa gbo ara wọn, wá bá Ajíṣọ́ lẹ́nu ibodè.

"Ajíṣọ́, ọmọ mi, ilé mi ti ku ìdajì. Bó bá wó tán, Àyọ̀ká ò ní rìn mọ́ láé."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ọ̀tá ò tíì dágbére."

"Ta ni yóò dágbére? Ẹni tẹ́ ẹ ti pa?"

Ojú ti Ajíṣọ́, ẹ̀rù sì ń bà á. Bí òun bá dáwọ́ dúró, tí ọ̀tá sì kù síbì kan ńkọ́? Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń jó o, síbẹ̀ ó tún bu òmíràn.

Àyọ̀ká mu àgbo kíkorò kan lọ́jọ́ náà. Inú àgbo yẹn ni Korò ti jáde, ẹ̀dá kan tí kò tó hóró ọkà bàbà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn jókòó sínú kòtò àtẹ́lẹwọ́ Ajíṣọ́, ó sì bá a mu rẹ́gí. Ẹyin iná tí Ajíṣọ́ bù kò ríbi jókòó, ó bọ́ sílẹ̀, ó kú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó díẹ̀."

"Ìwọ kíún yìí?"

"Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì adìyẹ," Ìyá Kerekere dá sí i.

"Bí ẹ̀gún mìíràn bá dé ńkọ́? Ta ni yóò jí àwọn jagunjagun?"

"Ẹ̀yin náà ni," Korò dáhùn. "Àlejò ni mí. Bó bá yá, màá bá ìtọ̀ lọ."

Ajíṣọ́ wo ògiri tó ti wó, ó sì rọra pa ọwọ́ dé. Ara tù ú. Àwọn jagunjagun tí iná kò kàn mọ́ lọ sùn lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìyá Kerekere sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé rẹ̀ mọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Àyọ̀ká fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde, ó sì rìn dé ẹnu ọ̀nà tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Láti ọjọ́ náà ni ibi tó bá farapa ti ń wú, tí yóò gbóná, tí yóò sì lọ sílẹ̀. Àti pé nítorí Korò kì í pẹ́ lálejò, a ń lo oògùn láàárọ̀, a tún ń lò ó nírọ̀lẹ́, kí ọwọ́ Ajíṣọ́ lè sinmi títí ilé Ìyá Kerekere yóò fi dúró.